Ẹni Tí Wọ́n Ní Ká Má Kí

Òórùn ẹfun àti oògùn apakòkòrò ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé tí à ń gbé ní Mushin, mo sì rí àwọn wolé-wolé ìjọba tí wọ́n ń da omi funfun kan sínú gọ́tà. Wọ́n ti gbé bíríkìlà tó ń gbé ní ilé kejì jáde lórí ẹní, aṣọ bò ó dé orí. Ọ̀gá wọn gbé ohùn sókè pé, "Onígbáméjì ti wọ àdúgbò yín o! Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún. Ẹ jáde wá gba abẹ́rẹ́." Kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ yẹn: àìsàn tó ń béèrè igbá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún èébì, ọ̀kan fún ìgbẹ́. Ọkọ mi tó dúró lẹ́yìn mi sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, "Àwa ò ní gba abẹ́rẹ́ kankan." Kì í ṣe oríkunkun ló ń ṣe. Ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ nínú ìjọ ló ń rántí. Mo wo ẹní tí wọ́n ń gbé lọ yẹn, mo sì rí i pé kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín èmi àti àìsàn náà.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀. Ogun abẹ́lé kò tíì parí pẹ́ nígbà náà, ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí, mo ń ránṣọ. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí àwọn ọmọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láyé. Ìjọ kékeré ni, abẹ́ páànù, ilẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀ tí a máa ń wọ́n omi sí kí eruku má baà dìde bí a bá ń jó. A fẹ́ràn ara wa. Bí obìnrin kan bá bímọ nínú wa, kì í dáná títí ara rẹ̀ yóò fi le. Baba Alàgbà tó ń darí wa ń gbààwẹ̀ ju gbogbo wa lọ, kò sì ní ìwà èrú. Ó ti rí ibi tí àdúrà gbé aláìsàn dìde, láti ìgbà náà ló sì ti ń wàásù pé ẹni tó bá gba Olúwa gbọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oògùn, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. A jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ obìnrin tó ń lé orin fún wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Surulere, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní òun gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wosàn, òun sì gbàgbọ́ pé ọwọ́ tí òun fi ń fún èèyàn lóògùn, Ọlọ́run náà ló dá a. Òun àti àwọn mìíràn kúrò láàárín wa, wọ́n ń jọ́sìn nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Àgùdà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Baba Alàgbà ṣí lẹ́tà kejì tí Jòhánù kọ, ó ka ibi tó ti ní bí ẹnikẹ́ni bá wá láìmú ẹ̀kọ́ yìí wá, kí á má gbà á sílé, kí á má sì kí i. Ó pa Bíbélì dé. Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ má kí wọn." A ṣe àmín.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ àṣà ilẹ̀ wa. Ẹni tí a kò kí mọ́, a ti sin ín láàyè. Ilẹ̀kùn Àǹtí Nọ́ọ̀sì sì dojú kọ tiwa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ìdí ẹ̀rọ omi kan náà ni à ń tò sí, ilé ìdáná kan náà ni à ń lò. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Bí mo bá pàdé rẹ̀ láàárọ̀, orúnkún mi á fẹ́ tẹ̀, n ó sì mú un le. Nígbà tí n kò mọ ohun tí n ó ṣe mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí mo bá ń kọjá lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ikọ́ àárọ̀ yìí ti ń dùn ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

Mo sá wọlé kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu mi. Ìyá onílé wa, tó jẹ́ Mùsùlùmí, kò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ń pariwo pé, "Jésù mélòó lẹ ní gan-an? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ èyí tó ń gbé yàrá ọ̀tún àti èyí tó ń gbé yàrá òsì!"

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn tí àwọn wolé-wolé wá ni àìsàn náà mú mi, bí mo ti ń wa maṣíìnì. Inú mi kàn ṣí bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì. Kò dà bí ìgbẹ́ rárá. Omi ìrẹsì ló jọ, ó sì ń rùn díẹ̀ bí ẹja tútù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojú mi ti wọnú, ìka mi ti hunjọ bí ti ẹni tó fọṣọ láti òwúrọ̀, iṣan ẹsẹ̀ mi ń dì ní kókó. Mo fẹ́ sọ pé òùngbẹ ń gbẹ mí, ohùn kò jáde. Ọkọ mi sáré pe Baba Alàgbà. Ó wá, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Níbi tí àwọn mìíràn ti ń bo imú, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù mí lẹ́nu, ó ń gbàdúrà tí òógùn fi ń ro lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí àdúrà náà gbà. Mo tún fẹ́ kí ẹnì kan gbé mi lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé mo ń dẹ́ṣẹ̀ bí mo ti ń bẹ̀rù.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ẹ kú àdúrà o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un sọ. Baba Alàgbà kò gbójú sókè, ó kàn sọ fún ọkọ mi pé: "O mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ wí. Má dá a lóhùn."

"Baba, ẹ bá wa ka àwọn ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. Kò pariwo. "Àwọn tó sọ pé Jésù kò wá nínú ara ni lẹ́tà yẹn ń bá wí. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ń lé orin rẹ̀ fún yín? Ọmọ yìí ti gbẹ, Baba. Bí a bá jókòó síbí, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a."

Ọkọ mi wò mí. Ó wo Baba Alàgbà, ẹni tó so wá pọ̀ ní tọkọtaya. Lẹ́yìn náà ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, lórí ilẹ̀ tútù náà, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Àǹtí. Ẹ wọlé." Ohun méjèèjì tí wọ́n ní ká má ṣe ni ó ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí Baba Alàgbà mí kanlẹ̀. Kò dí ọ̀nà.

Kò sí takisí tó fẹ́ gbé wa. Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó pákó ni wọ́n tẹ́ mi sí títí dé ọsibítù ìjọba kan lápá Yábà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí ro omi sí mi lẹ́nu lójú ọ̀nà. Àwọn ibùsùn ibẹ̀ ní ihò láàárín, garawa wà lábẹ́ wọn. Omi iyọ̀ ń kán láti inú ìgò wọ iṣan apá mi. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n fọ ibùsùn rẹ̀, wọ́n gbé ẹlòmíràn sí i. Mo yè. N kò mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkọ mi fi wá sọ fún mi láti ojú fèrèsé pé Baba Alàgbà ti kú. Ó jọ pé ọwọ́ tó fi nù mí lẹ́nu ló fi gbé àìsàn náà lọ sílé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Baba di ẹ̀jẹ́ rẹ̀ mú títí èémí fi tán. Ọkọ̀ ìjọba ló gbé òkú rẹ̀ lọ, láìsí orin, láìsí ìwàásù. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló dá a lẹ́jọ́. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́run, ó sì fẹ́ràn mi dé ojú ikú. Ẹsẹ Bíbélì kan ló fà yọ láàárín àwọn ẹsẹ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fa ọmọ kúrò lágboolé, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílé mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo padà sílé, àwọn wolé-wolé ta okùn yí ilé wa ká, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé tàbí kó jáde títí wọn yóò fi rí i pé àìsàn náà ti kúrò lára gbogbo wa. Àwọn géńdé àdúgbò ń ju òkúta sórí páànù wa, wọ́n ní àwọn yóò dáná sun ilé náà bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá kọjá okùn. Ìjọ wa ránṣẹ́ pé ọkọ mi tú ẹ̀jẹ́, àti pé ẹ̀jẹ̀ Baba Alàgbà wà lọ́rùn wa. Bí ewé bá jábọ́ sórí òrùlé, àyà mi á já. Nínú okùn yẹn, èmi àti Àǹtí Nọ́ọ̀sì jọ ń se omi, a sì jọ ń ka lẹ́tà Jòhánù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò gùn. Ó yà mí lẹ́nu pé ìfẹ́ àti òtítọ́ ló kún inú rẹ̀, tí ọ̀kan kò lé ìkejì jáde.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wolé-wolé wá fi ọ̀bẹ gé okùn náà. Ó ní, "Ó tán. Ẹ máa lọ síbi tó bá wù yín." Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa dúró sí, kò sẹ́ni tó jáde. Èrò ti kún ìta. Àwọn ará ìjọ wa dúró sápá kan gọ́tà, àwọn tó ń bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì jọ́sìn dúró sápá kejì, àwọn géńdé yẹn wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo ajá tí a kò mọ̀ bóyá ó ń gé ni jẹ. Nígbà náà ni ìyàwó Baba Alàgbà jáde láàárín àwọn tiwa, nínú aṣọ dúdú opó rẹ̀. Mo rò pé èpè ló wá ṣẹ́. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. Ìyá náà rìn kọjá lára mi, ó lọ dúró níwájú Àǹtí Nọ́ọ̀sì.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ó ní. "Fún mi lómi mu."

"Ìyá, láti inú ilé wa níbí?"

"Ilé wo ni mo tún wá?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì bu omi wá nínú ife páànù. Ìyá náà mu ún lójú gbogbo èèyàn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán, ó sì da ojú ife náà dé kí wọ́n rí i pé kò sẹ́kù. Mo gbọ́ ìró òkúta tí ẹnì kan jù sílẹ̀.

Ìjọ méjèèjì kò padà sábẹ́ òrùlé kan. Ọ̀rọ̀ oògùn kò yanjú láàárín wọn títí tí mo fi kúrò ní Mushin. Ewú ti wà lórí mi báyìí, ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan fi ìbínú ṣí Bíbélì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wàásù fún mi nípa ìṣọ̀kan àwọn onígbàgbọ́, omi ni mo máa ń rò: ta ló lè gbà á mu lọ́wọ́ ta.