Ṣúgà Tí Mo Wá Nínú Àpò Ọkọ Mi

Ojoojúmọ́ ni mo máa ń tú àpò ṣòkòtò ọkọ mi wò nígbà yẹn. Kì í ṣe owó ni mo ń wá, kì í sì í ṣe lẹ́tà obìnrin. Ṣúgà ni. Ọkùnrin náà ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, gbogbo àwa tí a ti Ọ̀fà wá sí Enugu ni a sì mọ orúkọ tó ń jẹ́: jẹ̀díjẹ̀dí. Ta ni kò mọ̀ pé ohun dídùn ló ń fà á? Mo gba ṣúgà lẹ́nu rẹ̀, mo gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, mo gba bisikíìtì. Àràárọ̀ ni mo ń fún un ní egbò igi tí mo rẹ sínú omi ògì kíkan. Kò sàn. Bí kò ṣe sàn yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé ó ń lá ṣúgà lẹ́yìn mi.

Télọ̀ ni. Yàrá kan la ń gbé ní Coal Camp, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òun náà tún ni làdánì mọ́ṣáláṣí wa ní Ogbete, òun ló ń pe ìrun láàárọ̀ kùtùkùtù. Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣiyèméjì díẹ̀ báyìí pé bóyá àlùwàlá òun ti bàjẹ́, yóò padà lọ ṣe òmíràn, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní òun fẹ́ lọ ra òwú. Ara fu mí, mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìsọ̀ káfíńtà ni mo bá a, ó jókòó sórí pákó, ó dijú, òógùn bò ó. N kò tilẹ̀ bèèrè ohun tó ń ṣe é. Àpò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀. Òwú nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi," ó ní, "o ti wá yẹ̀ mí wò?"

"Ibo lo kó o sí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde, a jọ padà sílé. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ó ti jẹ ẹ́ tán ni. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo oògùn yẹn kọjá bó ṣe yẹ.

Ó tó ọdún kan kí a tó lọ sí ọsibítù, nígbà tí ó ti rù débi pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ṣòkòtò ara rẹ̀ sínú. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ki ìka bọ̀ ọ́ nídìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọkọ mi dìde. Kí ló sọnù síbẹ̀? Nígbà tó ṣe tán, ó fi pijin bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ọkọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo fura pé ìdajì ló ń túmọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ dókítà gùn, tirẹ̀ sì kúrú. Jẹjẹrẹ ni, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Dókítà bèèrè pé ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò tètè wá? Pijin mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìyẹn í gbọ́.

Ọkọ mi dáhùn pé, "Mo fi pamọ́ fún ìyàwó mi ni. Kò mọ̀ rárá."

Kò túmọ̀ ìyẹn fún mi.

Dókítà ní bí jẹjẹrẹ náà bá wà lókè díẹ̀, òun yóò gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, òun yóò rán ẹnu ìfun méjèèjì pọ̀, ọkọ mi yóò sì máa yàgbẹ́ bí gbogbo èèyàn. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ jù, a ó dí ìdí rẹ̀ pa, a ó yọ ẹnu ìfun síta ní ikùn, ìgbẹ́ yóò sì máa dà sínú àpò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kò lè mọ èyí tí yóò jẹ́ àfi bí òun bá la ikùn.

Ọkọ mi bèèrè irú òwú tí wọ́n fi ń rán ìfun, àti bóyá kì í tú. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an fún mi. "Bí ìgbẹ́ bá ń jáde nígbà tó bá wù ú, àlùwàlá wo ni mo ní? Báwo ni n ó ṣe pe ìrun?" Lẹ́mọ́mù ti sọ fún un pé Ọlọ́run gba àwáwí aláìsàn. Ó ní àwáwí dára, fún ẹlòmíràn.

"Bí mo bá lè rán an, n ó rán an," ni dókítà wí. Mo ní ẹni tó bá sọ pé "bí mo bá lè" ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ mi fọwọ́ síwèé.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, mo dúró kí nọ́ọ̀sì yíjú, mo ṣí aṣọ. Rọ́bà kan ti ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ jáde, omi ìdọ̀tí ń kán láti inú rẹ̀ sínú ìgò. Wọ́n ti ṣe é! Mo pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì náà pé òpùrọ́ ni wọ́n. Obìnrin Ìgbò ni, ó dàgbà jù mí lọ. Ó rọra fi pijin sọ fún mi pé omi ọgbẹ́ ni rọ́bà yẹn ń fà, a ó yọ ọ́, dókítà rí ìfun náà rán. Bí ó bá só láti ìdí, ìgbà yẹn la ó mọ̀ pé ọ̀nà là. N kò gbà á gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Mo gbé òkúta wá fún un láti ilé, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń fi ra ojú àti ọwọ́ dípò àlùwàlá, ó ń kírun lórí ibùsùn. Kò só. Èmi tí mo máa ń bá a jà tó bá só nínú yàrá, èmi ni mo wá jókòó tẹ́tí sí ìdí ọkọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń kírun alásárì lọ́wọ́, ètè rẹ̀ ń mì, ni mo gbọ́ ọ. Kò dún púpọ̀. Ètè rẹ̀ dúró, ó lajú.

"Ìyá ọmọ mi, ìrun mi ti bàjẹ́."

Mo ṣí aṣọ, mo gbóòórùn rọ́bà náà kó lè dá mi lójú pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti jáde. Kò rùn. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo na òkúta náà sí i kí ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a délé, oṣù mélòó kan ló fi ń sá lọ sí ṣálángá ní gbogbo ìgbà, mo sì ń sọ pé òwú wọn ti ń tú. Kò tú. Ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ padà lọ pe ìrun, mo tẹ̀ lé e, mo dúró síta, mo ń ṣọ́ ohùn rẹ̀ bóyá yóò já láàárín. Ó pè é parí.

Nígbà tó wọlé, mo gbé tíì fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó wò mí.

"Ṣúgà wà nínú rẹ̀."

"Mẹ́ta ni," mo ní. "Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún dókítà lọ́jọ́sí."

Ó mu tíì náà díẹ̀. Ó ní kò dùn tó, kí n fi ọ̀kan sí i.