Akọ Alpaka Tí Mo Fi Ojú Iléyá Yàn

Nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, tí ẹsẹ̀ mi kì í rẹ̀, mo ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní ìlú Padova, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, kùrukùru ìgbà náà yàtọ̀ o. Tí ó bá bo oko lówùúrọ̀, inú àlá gan-an ni èèyàn ń rìn.

Ìyá àgbà kan tí à ń pè ní Signora, bí ẹni pé "Màmá", wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú Treviso, tí mo máa ń bá ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Alpaka ni ìyá yìí ń sìn, ẹranko ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀ láti fi hun aṣọ òtútù. Ṣùgbọ́n irun wọn ń le sí i lọ́dọọdún, àwọn tó ń rà á sì ti ń yínmú. Ọmọ tí ìyá náà bí wá sọ pé bí irun àwọn ọmọ ẹran tí wọ́n máa bí lọ́dún tó ń bọ̀ kò bá rọ̀, òun á ta gbogbo agbo. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dórí akọ tí a máa mú wá gun àwọn abo. Ìyá fúnra wọn kò lè yàn án mọ́, torí iṣẹ́ inú òtútù ti pa ìka wọn, wọn kò mọ líle yàtọ̀ sí rírọ̀.

"Ìwọ ni kó o fọwọ́ kàn án fún mi," ni wọ́n wí.

A lọ sí oko kan tó ní akọ méjì. Ọ̀kan ga, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó ń yan fanda kiri. Èkejì kúrú, ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ ló ń sá sí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ojú tí bàbá mi fi kọ́ mi láti yan àgbò Iléyá ní Ìwó ni mo fi wò wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, tí àgbò yín kò bá ga, tí àyà rẹ̀ kò gbòòrò, àdúgbò á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn fọwọ́ pa èyí tó ga lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní, "Èyí ni, Signora. Ó rọ̀." Ìyá gbà mí gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé lọ bá ẹni tó ni oko sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó ku èmi nìkan ni mo la irun rẹ̀ wò ní itan. Yéè! Ó gún mi lọ́wọ́ bí ìgbálẹ̀. Ojú tì mí. Mo wá rántí pé a kì í torí pé ọkọ ìyàwó dùn-ún wò ká fọmọ fún un. Ìdílé là ń wádìí. Mo bẹ olùtọ́jú ẹran kan níbẹ̀ kó fi àwọn ọmọ tí akọ kọ̀ọ̀kan ti bí hàn mí. Mo la irun wọn léjìká, lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítan. Ti àwọn ọmọ akọ kúkúrú yẹn ló rọ̀ látòkèdélẹ̀. Mo sáré wọlé.

"Signora, ẹ má bínú. Ojú ni mo fi yàn, n kò fọwọ́ yàn."

Ìyá ní kí wọ́n mú akọ kúkúrú wá.

A dúró fún oṣù mọ́kànlá àti ààbọ̀. Nígbà tí ara ọmọ ẹran àkọ́kọ́ tó wáyé gbẹ, ìyá àgbà kúnlẹ̀ sínú koríko, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n di ojú. "Ó rọ̀," ni wọ́n wí, omijé sì ń bọ́. Ọmọ wọn kò dárúkọ títà mọ́.

Lónìí, ẹ ó fi irun díẹ̀ ránṣẹ́ sí laboratorio, ilé àyẹ̀wò, èsì á wọlé sórí fóònù. Ọmọbìnrin mi ní, "Mamma, è più sicuro," pé ìyẹn ló dájú jù. Òótọ́ ló wí, ẹ̀rọ kì í rí ẹran kó gbàgbé ara rẹ̀ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn ń ṣe mí láàárò, tí arúgbó kan lè sọ fún àjèjì pé kó bá òun mọ ohun tí òun kò lè mọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún bẹ̀ mí ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.