Ẹran Tí Roheemat Fi Ń De Ọwọ́ Ọkọ Rẹ̀

Láti Ìkòsì títí dé Mile 12, kò sẹ́ni tó mọ Ṣùáíbù alálùbọ́sà tí kò ní sọ fún yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n á ní ọkùnrin tó sanra tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá ń rẹ́rìn-ín gbogbo ikùn rẹ̀ ló ń bá a rẹ́rìn-ín, níbo ló ti fẹ́ rí ìbínú? Ẹ má dá wọn lóhùn. Roheemat ìyàwó rẹ̀ ni kí ẹ bi, bó bá jẹ́ pé òótọ́ lẹ fẹ́ gbọ́. Eyín kan ò sí lápá òsì ẹnu obìnrin náà, etí rẹ̀ ọ̀tún ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kì í ṣe àìsàn ló fà á. Ọwọ́ èèyàn jẹ́jẹ́ yẹn ni.

Nígbà tí Roheemat fẹ́ ẹ, Ṣùáíbù ò sanra rárá. Eegun àti iṣan lásán ni. Ó ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì kúrò lórí ọkọ̀ akẹ́rù ní Mile 12, ìjà ni wọ́n sì fi ń jẹun níbẹ̀ nígbà náà: ta ló máa kọ́kọ́ gun ọkọ̀, ta ló máa gbẹ́rù. Ẹni tí kò bá lè fi orí kan ẹlòmíì nímú kí ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ebi ni yóò pa onítọ̀hún sùn. Ṣùáíbù mọ̀ ọ́n kàn dáadáa. Ọjọ́ tó bá na èèyàn lọ́jà, orin ló máa ń kọ wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá nà án, ara Roheemat ni yóò ti gbẹ̀san.

Iléyá àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe, ọbẹ̀ ló pẹ́ lórí iná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùáíbù kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu, eyín sì já sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, kò pariwo. Arúgbó náà fi ṣíbí wá eyín náà rí, ó jù ú síta, ó wá bu ẹran kan, ó fi í sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùáíbù jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ìgbà náà ni ìyá fa ìyàwó lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ọmọ mi, má sunkún. Bí bàbá ẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn, Ọlọ́run bá mi tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Tí ebi bá ti ń pa wọ́n, wọn kì í mọ èèyàn. Má jẹ́ kí ẹran wọ́n níkòkò ẹ. Tóo bá ti rí i tí iṣan ọrùn ẹ̀ dìde báyìí, má bá a sọ̀rọ̀, má sá. Fi ẹran sí i lẹ́nu."

Ìmọ̀ràn ìyá ọkọ nìyẹn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, bí mo bá rántí rẹ̀, inú máa ń bí mi sí arúgbó náà ní sàréè tó wà. Ṣùgbọ́n Roheemat ò rí ìmọ̀ràn mìíràn gbà. Wọ́n ti wí fún un láti kékeré pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ó sì gbà pé ebi ni ọ̀tá òun, kì í ṣe ọkọ òun. Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti kùkúḿbà ló ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n òróró ló ń hó nílé rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹran díndín, dòdò, àkàrà, mọ́sà. Bí iṣan ọrùn bá ti dìde, ẹran á wọ ẹnu. Bí ẹnu ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ń wálẹ̀.

Ọdún gorí ọdún, Ṣùáíbù sì sanra. Ó kúrò nídìí ọkọ̀ akẹ́rù, ó ṣí ìsọ̀ àlùbọ́sà, ó di ẹni tó ń jókòó. Àwọn obìnrin ọjà a máa yin Roheemat. Wọ́n á ní, "Ìyá Nimat, ọwọ́ ẹ mà dáa o! Wo bí ọkọ ẹ ṣe ń dán." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á fi ètè bo ibi tí eyín ò sí. Ìwọ̀n ikùn ọkọ rẹ̀ ni ìwọ̀n àlàáfíà rẹ̀. Bó bá di Iléyá, á dín odidi àgbò pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, á máa bu ẹran síwájú ọkùnrin yìí títí ojú rẹ̀ á fi kún fún oorun. Ìgbà náà lòun tó máa ń jẹ tirẹ̀, eegun àti èérún ìsàlẹ̀ abọ́, ní tútù. Nimat ọmọ wọn dàgbà nínú ilé náà, ó lọ sílé ọkọ ní Ìṣẹ́rí Olówóòrá, kò sì pẹ́ sílé bàbá rẹ̀ mọ́ bó bá wá kí wọn.

Lọ́dún yìí, nígbà tí àgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ketu, Ṣùáíbù ṣubú lulẹ̀ láàárín àpò àlùbọ́sà, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sápá kan. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan nítòsí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Ọlọ́run yọ ọ́, rọpárọsẹ̀ ò tíì mú un tán, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́ tó tọ́jú rẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Mummy, Daddy gbọ́dọ̀ fọn o. Tí wọ́n bá ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lè má gbé wọn dìde mọ́."

"Kí n má fún wọn lóúnjẹ mọ́ ni?"

"Háà, rárá! Ẹni tó bá ń febi pa ara ẹ̀, ọjọ́ tó bá rí oúnjẹ, àjẹkì ni. Kí wọ́n máa jẹun lásìkò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ kún ìdajì abọ́, ẹ yọ ọ̀rá kúrò lára ẹran, ẹ sun ún, ẹ má dín in mọ́. Kí wọ́n sì máa rìn láàárọ̀."

"Iléyá ń bọ̀, Nọ́ọ̀sì."

"Kí wọ́n jẹ Iléyá, Mummy! Ta ló ní kí ọdún dé kéèyàn máa wo ẹnu ẹlòmíì? Ibi tí wọ́n bá fẹ́ràn jù lára àgbò, ẹ fún wọn níbẹ̀, ẹyọ méjì, kí wọ́n rọra jẹ ẹ́, kí wọ́n gbádùn ẹ̀ dáadáa. Odidi àgbò ni kì í ṣe tiwọn."

Roheemat dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ọkọ òun ti jáde. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ kan wà tí kì í múni sanra, àmọ́ tó máa ń jẹ́ kí inú èèyàn tutù?"

Fadékẹ́ rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kùkúḿbà, Mummy!"

Kò sí ẹ̀rín lójú Roheemat. Ó kó kùkúḿbà tó dáa jù lórí àtẹ rẹ̀ lọ sílé.

Ètò náà ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ṣùáíbù ń rìn láàárọ̀ láti Ìkòsì lọ sí ọ̀nà etí omi Agboyi, ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń mu omi. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ padà sípò. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́yìn ìdí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà ń kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n nílé, bí ikùn ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọwọ́ ń gòkè. Abọ́ ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ fọ́ mọ́ ara ògiri. Lẹ́yìn náà ló gbá Roheemat létí ọ̀tún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sun níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó tún fi orí obìnrin náà gbá férémù ilẹ̀kùn nítorí pé kò rí ẹran nínú ẹ̀wà. Bó bá lù ú tán, á ní, "Ebi ló ń pa mí, o ò mọ̀ ni? Ebi ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń ṣe." Roheemat á sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Mi ò ní bá Roheemat bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú etí tó ń hó, ó gbé agbada òróró kaná. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá padà sí ẹran díndín, ọwọ́ á wálẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ikú á fi dé. Ta ló máa bi òun? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wọ́n á ní ó tọ́jú ọkọ rẹ̀ dójú ikú ni. Òróró gbóná, ó ń rú èéfín, Roheemat ń wò ó. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ó pa iná, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó sunkún. Bí ọkọ bá yó, ọkọ á kú. Bí ọkọ ò bá yó, ọkọ á lu òun pa. Kò rí ọ̀nà kẹta.

Ọjọ́ Iléyá pé. Wọ́n dé láti yídì, Gafar alápatà sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ nínú ọgbà. Gafar àti Ṣùáíbù jọ já ẹrù nígbà èwe wọn ni, apá Gafar kan sì tó itan ẹlòmíì. Àgbò náà le. Ó fi orí gbá ọkùnrin kan ṣubú, ó já okùn, ó ń sáré kiri. Gafar dì í mú níwo, ó gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ fò lu ògiri kó tó rí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bó o, tí wọ́n kun ún, tí wọ́n sì gbé ẹran ìhà wọlé fún Roheemat.

Ẹran ìhà ni Ṣùáíbù fẹ́ràn jù. Roheemat gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, ó fi ata àti iyọ̀ pa á lára, ó sun ún lórí ẹyín iná títí ó fi ń ta sánsán. Ó se ẹ̀fọ́. Ó bu ìrẹsì níwọ̀nba. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ti wí, ó sì ṣe é dáadáa, kí ọkùnrin náà lè jẹ̀gbádùn ọdún bí gbogbo èèyàn. Síbẹ̀ ó dín abọ́ ẹran kan pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí iṣan ọrùn.

Níta, Gafar ń sun ẹ̀dọ̀ àgbò lórí iná kó tó bọ́ sí ti aládùúgbò. Ṣùáíbù nawọ́, ó mú ègé ńlá kan. Gafar fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ gbá a lọ́wọ́ pàà, ó sì gba ẹ̀dọ̀ náà padà.

"Gbé ọwọ́ kúrò ńbẹ̀ jàre! Ṣé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ní kó o má jẹ ìjẹkújẹ? Wo ikùn!" Ó fi ìka tó kún fún ẹ̀jẹ̀ gún un nínú, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára jalabíà funfun tó fi kírun. Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín.

Roheemat rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó rí iṣan ọrùn tó dìde. Ó fa abọ́ ẹran díndín yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síta láti sáré lọ fi ẹran sí i lẹ́nu. Ìgbà náà ló rí i tí iṣan náà wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Ṣùáíbù wo apá Gafar, ó wo ọ̀bẹ, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Gafar, o ti pọ̀ jù. Nítorí ọdún, bù díẹ̀ fún mi." Gafar ò bù ú fún un. Ṣùáíbù tún rẹ́rìn-ín, ó bu omi, ó ń fọ aṣọ rẹ̀.

Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Irọ́ ni. Ìbínú Ṣùáíbù mọ̀. Ó mọ ẹni tó ní apá, ó mọ ẹni tí kò ní. Roheemat dá abọ́ ẹran díndín náà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo òróró tó ti hó, gbogbo ọdún tó ti jẹ eegun tútù, gbogbo ìyà yẹn.

Ṣùáíbù wọlé. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Roheemat gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹ̀fọ́, ìrẹsì, ẹran ìhà méjì.

"Kí lèyí?"

"Ẹran ọdún yín ni, Baba Nimat. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ràn."

"Méjì? Ebi ń pa mí láti àárọ̀, o wá ń ka ẹran fún mi?" Ó gbá a lẹ́nu. Roheemat fi ẹ̀gbẹ́ lu tábìlì, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ odó, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ tún gòkè.

"Gafar wà níta," ni Roheemat wí láti ilẹ̀. "Òun ló gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Lọ lù ú."

Kò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe yìgì. Ṣùáíbù ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ odó ni ọwọ́ Roheemat bà. Ó fi gbogbo agbára tó ti fi gbé apẹ̀rẹ̀ kárọ́ọ̀tì láti ìgbà èwe rẹ̀ jù ú, ó sì bá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà lókè tó wà. Ó dún gbàù bí igi gbígbẹ. Ṣùáíbù wo ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá lọgun.

Gafar já wọlé, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì tẹ̀ lé e. "Ìyá Nimat! Ọjọ́ ọdún! Kí ló ṣe yín?"

"Ebi ni," ni Ṣùáíbù ń sunkún wí. "Ebi ló ń pa mí, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Roheemat tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ dànù. "Ọ̀gá Gafar, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ebi ń pa á nígbà yẹn náà. Ṣé ó nà yín?"

Gafar wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi aṣọ di ọwọ́ náà, ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ kí àwọn máa gbé e lọ. Obìnrin kan ń sọ pé kí Roheemat fi ọdún bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kó bọ́ sínú ọkọ̀, kó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Kò tẹ̀ lé e. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó gbé abọ́ oúnjẹ náà lé itan rẹ̀. Ẹran ìhà ṣì gbóná. Ẹnu rẹ̀ ń ta á, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Ṣùáíbù yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú. "Roheemat, báwo ni mo ṣe máa jẹun báyìí?"

Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ kúnná, ó gbé e mì, kó tó dá a lóhùn.

"Ọwọ́ òsì ò tíì ṣẹ́."