Fọ́tò màámi ní kíláàsì òfin

Lónìí, mo ní mi ò mọ ìyá tó bí mi.

Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ là ń kọ́. Tíṣà tan fọ́tò ìsọ̀ kan ní ọjà Kejetia ní Kumasi sára ògiri: "Ẹ wo ayédèrú àǹkárá. Wọ́n jí bátànì oníbátànì ni."

Màámi ló jókòó síbẹ̀ nínú fọ́tò náà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi tọ́ mi: "Chale, obìnrin yìí jọ ẹ́ o. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá o."

Mo délé, màámi ń bu wààkyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà, fún mi: "Tíṣà yín kan ya mí ní fọ́tò níjọ́sí. Ó ní àwọn aṣọ mi wu òun. Ṣé ó ti fi hàn yín?"

Wallahi, mi ò lè gbójú sókè.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ti aṣọ ni kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn, àbí bí mo ṣe sẹ́ wọn?