Ilé Tí Bàbá Àgbà Kàn Bí Ọkọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé wa ní imú, ó sì ní ìdí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàrígà lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ilé gan-an ni mò ń sọ, kì í ṣe ènìyàn. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn ni bàbá bàbá mi ń ṣe láti ilẹ̀ Ìlàjẹ wá. Nígbà tí ó dé Bàrígà, igbó àti ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a kọ́lé, òun náà kò sì mọ ilé kọ́. Ó ní ohun tí ọkùnrin bá kó ìyàwó àti ọmọ sí, tí omi kò bá kàn wọ́n, ilé náà nìyẹn. Ló bá kan ọkọ̀ ńlá kan sórí ilẹ̀, ó fi páánù bò ó lórí, ó ní kí Ìyáàgbà máa wọlé.

Ilé náà kò ní igun kankan. Kọ́bọ́ọ̀dù kò lè fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí ògiri yọ síta bí ikùn aboyún. Ilẹ̀ inú ilé dagẹ̀rẹ̀ sí apá imú, tí ẹ bá gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀, yóò máa rìn lọ bá ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ayé sójà ni, gbogbo nǹkan wọ́n, ẹja kan ṣoṣo lè wà fún ènìyàn mẹ́fà, nítorí náà ìjà orí ìjókòó yẹn kì í ṣe kékeré. Bí a bá ṣẹ̀, ìdí ilé ni wọ́n máa ń ní kí a kúnlẹ̀ sí, kí a gbọ́wọ́ sókè. Wàá máa yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ yóò fi kan pákó ní imú. Ìyáàgbà á ní, "Padà sẹ́yìn, ta ló ní kí o máa rìnrìn àjò?"

Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọdé la máa ń fi òwú tí a rẹ sínú ọ̀dà dúdú dí àárín pákó, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ̀. Ọ̀dà yẹn kì í fọ̀ kúrò lára. Ní kíláàsì, òórùn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé a ti dé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká dé, wọ́n fi pẹ́ńtì pupa kọ àmì èkísì gbàǹgbà sí ìdí ilé wa. Wọ́n ní ilé pákó ń ba ìlú jẹ́, àwọn yóò wó o. Ìyáàgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹun. Inú ilé yẹn ló bí ọmọ rẹ̀ méjèèje sí, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí n kò rí i kí ó kọ oúnjẹ rí.

Obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Akọkà, tó máa ń wá ra ẹja létí omi, ló dá sí i. Bàbá Àgbà ti fi irin gbígbóná ya àwòrán gbogbo ọkọ̀ tí ó kàn láyé rẹ̀ sára ògiri inú ilé. Olùkọ́ yìí rí i, ó ní ohun àjogúnbá ni, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó. Ó ní òun yóò mú ọ̀gá sójà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé wá wò ó ní Sátidé, pé tí ó bá gbà, wọn kò ní wó o mọ́. Ó kìlọ̀ fún wa kí a má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ọ̀gá ńlá á máa bọ̀ nílé yín, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan? Ìyáàgbà ní ìwé nìkan ni olùkọ́ yẹn mọ̀, kò mọ àlejò ṣe. Ojú ń tì í fún jágajàga dúdú tó wà lára ògiri. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó kó kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́ wálé, tí fọ́tò pásítọ̀ kan wà lára rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ti gé e láti ọrùn sókè. A se ògì tó ki, a fi lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri láti imú dé ìdí. Ìyáàgbà wo àwọn pásítọ̀ tí kò lórí yíká, ó ní ìsinsìnyí ni ilé wá jọ ilé.

Sátidé pé, ọ̀gá sójà dé pẹ̀lú olùkọ́. Omijé fẹ́ bọ́ lójú olùkọ́ náà. Ọ̀gá wo ògiri títí, ó béèrè pé ohun àjogúnbá dà. Ìyáàgbà sáré gbé àga fún un ní ìdí ilé. Bí ó ti jókòó, àga bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lọ, òun pẹ̀lú fìlà rẹ̀, títí ó fi dé imú. Kò tíì dìde tí ewúrẹ́ mẹ́rin ti aládùúgbò wa fi wọlé, torí wọ́n ti gbọ́ òórùn ògì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi eyín ya kàlẹ́ńdà, wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ ògì. Ìyáàgbà gbá ìgbálẹ̀ mú, ó ń lé wọn, ó ń tọrọ àforíjì.

Ọ̀gá ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹun. Ọkọ̀ kan ti yọ lára pákó tó wà níwájú rẹ̀, tòun ti àjẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ya kàlẹ́ńdà, ó ń wo ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó fi èékánná gún àárín pákó tí a fi ọ̀dà dí, èékánná kò wọlé. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí sójà tó ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Kí ó tó lọ, ó ní kí wọ́n ha èkísì yẹn kúrò. Ìyáàgbà sunkún, èmi náà sunkún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyáàgbà se ògì fún àwọn ewúrẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ lókùúta láti ọjọ́ yìí.

Lóde òní, ilé bíríkì ti gba gbogbo etí omi. Nílé tèmi, ilẹ̀ tẹ́jú, ọbẹ̀ ń dúró síbi tí a gbé e sí, ẹja sì tó, àmọ́ kálukú àwọn ọmọ mi ń gbé abọ́ tirẹ̀ wọ yàrá lọ pẹ̀lú fóònù. Ilé Bàbá Àgbà ṣì wà. Lẹ́yìn tí Ìyáàgbà kú, ẹbí fà á lé ìjọba lọ́wọ́ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ rọra bá mi sọ̀rọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fọwọ́ kan ògiri, a kì í sì jókòó níbẹ̀." Ó gbé ìwé fún mi kí n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì mi sí i, àti ohun tí mo bá wá. Mo di bírò mú. Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ilé ni mo wá."