Igò Kan Ṣoṣo Tó Kù Lójú Fèrèsé

Síìpù ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ há láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi kọ ẹ̀yìn sí mi nínú yàrá wa ní Sùúrùlérè, mo ń fà á sókè, kò gbà. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, aṣọ funfun ibi iṣẹ́ á bò ó." Mo ní bí atẹ́gùn bá wá ṣí aṣọ funfun náà ńkọ́? Ó ní a jẹ́ pé gbogbo Yábàá á mọ̀ pé ọkọ òun ò mọ síìpù fà. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, orí ti ń fọ́ ọ débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú ní ọsibítù.

Yàrá ìwádìí kan náà ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, láwọn ọdún tó tẹ̀ lé ogun abẹ́lé, nígbà tí owó epo ń wọlé tí wọ́n ń la títì, tí wọ́n ń kọ́ afárá kiri Èkó. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára àmù àti dúrọ́ọ̀mù omi, tí gbogbo ilé ń fi kànìnkànìn ha dànù, òun ni à ń sìn nínú igò. Ewéko ni, bó tilẹ̀ kéré tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Nínú ibi tó ti ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di oúnjẹ, òróró pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kúínóònù. Iṣẹ́ aláàárù ló ń ṣe: ó ń gba ẹrù tí ìmọ́lẹ̀ bá tú sílẹ̀, ó ń gbé e fún ẹni tó kàn.

Ìbéèrè wa kò ju ọ̀kan lọ. Ṣé ewéko náà ń ṣe òróró yìí lẹ́ẹ̀kan, kó máa lò ó títí ayé rẹ̀, àbí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ló ń wó ti àtijọ́ tó ń ṣe tuntun? A ti fún un ní afẹ́fẹ́ tó ní kábọ́ọ̀nù alámì nínú, irú èyí tí ẹ̀rọ lè tọpa rẹ̀, a sì rí àmì náà nínú òróró. Ó dájú nígbà náà pé ó ń ṣe tuntun. Ohun tó kù ni ká dá a padà sínú afẹ́fẹ́ lásán, ká wò ó bóyá àmì náà á máa parẹ́. Bó bá parẹ́, ó ń wó ti àtijọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni a dé nígbà tó kú.

A ti pín iṣẹ́ náà. Òun ló ń tọ́ wọn, èmi ni mò ń pa wọ́n, tí mò ń fi sípírítì fa òróró wọn jáde. N kò dá igò ààyè kankan bọ́ rí. Nítorí iná mọ̀nàmọ́ná tó ń lọ lójijì níbi iṣẹ́, ilé wa ló ń kó gbogbo igò irúgbìn sí, lójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Iléṣà, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Jíbówú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé. Nínú ẹbí wa, wọn kì í jẹ́ kí àlejò jókòó sínú ilé ọ̀fọ̀ tí wọn kò tíì fọ̀. Nígbà tí mo fi máa ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú dé, ó ti fọ kọ́tìnnì, ó ti ha dúrọ́ọ̀mù omi, ó sì ti da orí àwọn igò kodò lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń dán.

"Omi inú wọn ti bà jẹ́," ó ní. "Ẹni tó kàwé tó báyìí, ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀gbin gba ojú fèrèsé yín."

Ẹyọ kan ló kù, nítorí pé ó wà lẹ́yìn asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo gbé e. Ó na ọwọ́.

"Gbé e wá kí n fọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ wa ni."

"Iṣẹ́ yín ló wá ń bu báyìí? Bó o bá fẹ́ kí àwọn àna rẹ rò pé wèrè lọmọ wọn fẹ́, gbé e sí àárín pálọ̀."

Mo gbé e sí àárín pálọ̀. Ibẹ̀ ló wà bí àwọn àna mi ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ibi gbé Bíbélì sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí gbogbo wọn ní lọ́kàn ló bá wọn sọ. "Ìwọ náà lo sọ fún mi pé ewéko yín ń fi tuntun rọ́pò èyí tó lọ. Ó yẹ kó o ronú sí i. O ò tíì darúgbó jù láti fẹ́ ẹlòmíràn."

"Ewéko ò mọ èyí tó sọnù," mo ní. "Èmi mọ̀ ọ́n."

Ó gbé àwo àkàrà, ó lọ fún àwọn àlejò.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ náà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní tábìlì wa àti àwọn gílóòbù orí rẹ̀, ẹlòmíràn nílò wọn, pé onímọ̀ kẹ́mísìrì tí kò ní ohun ààyè lọ́wọ́ kò ní ohun tó máa wọ̀n. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà fún Ọlọ́run."

"Mo ti gbà fún Ọlọ́run, sà. Tábìlì ni mi ò gbà fún yín."

Ó ní bí mo bá lè gbé ewéko tó tó ṣiṣẹ́ wá kí sáà tó parí, tábìlì dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má bá òun jà.

Nígbà náà, àwọ̀ omi inú igò náà ti ń ṣá. Oúnjẹ ló ti tán nínú rẹ̀, mo mọ ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n gbígbé wọn sínú oúnjẹ tuntun, iṣẹ́ ìyàwó mi ni. Mo lọ ra òwú ní Tejúoṣó. Mo wọn àwọn iyọ̀ tó jẹ́ oúnjẹ wọn, mo pò wọ́n mọ́ omi, mo sì sè é nínú ìkòkò lórí sítóòfù pẹ̀lú igò tuntun, kí kòkòrò kankan má kù nínú wọn. Mo dúró kó tutù.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ṣé kí n bá ẹ dì í mú?"

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ jẹ́ n dì í mú fúnra mi."

Mo ti fèrèsé kí atẹ́gùn má fẹ́ eruku wọlé. Mo fi iná yí ẹnu igò àtijọ́ àti ti tuntun ká, mo kán díẹ̀ látinú ọ̀kan sínú èkejì, mo fi òwú dí ẹnu méjèèjì. Omi inú èyí tuntun ṣì mọ́ kedere. Ẹni tó bá wò ó á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mo kán sí i. Mo ṣí fèrèsé, mo gbé e síbi tí oòrùn ti pọ̀ jù.