Bí Mo Ṣe Wá Àbúrò Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń wá àbúrò ìyá àgbà mi. Ìgbà tí relùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni o, tí mo jẹ́ tíṣà níléèwé míṣọ́n ní Kúdẹtì.

Ogun ló kó ìyá àgbà, Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, wá sí Ìbàdàn lọ́mọdé, òun àti Àjàní àbúrò rẹ̀. Wọ́n dé ìlú tán, wọ́n pín wọn sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò sì fojú kan ara wọn mọ́. Ogun parí, òyìnbó dé, ìyá àgbà di arúgbó. Síbẹ̀, tó bá ti ń ran òwú báyìí, ṣàdédé ló máa bi mí bóyá Àjàní ṣì wà láyé. Kí ni kí n sọ?

Mo ní màá wá a. Ṣebí mo mọ̀wé!

Mo gbọ́ pé bàbá kan ń jẹ́ Àjàní ní Ọjà'ba, pé ogun ló kó òun náà wá. Mo sáré lọ, mo dọ̀bálẹ̀, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé Ìbàdàn níbí lẹ ti pínyà? Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni! Omi ti lé ròrò sójú bàbá. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo padà dé Kúdẹtì.

Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ọ̀gá wa níléèwé. Ọ̀gá yìí ń kó ìtàn ìlú jọ, ó máa ń jókòó ti àwọn arúgbó káàkiri Màpó àti Bẹẹrẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, kò bá mi yọ̀.

"Ṣé o bi bàbá yẹn ni, àbí o sọ fún un?"

Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kì í fi ìdáhùn sẹ́nu ẹni tó ń bi. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Lẹ́yìn náà, lọ bi ẹlòmíì lọ́tọ̀. Èyí tó bá sì dùn mọ́ ọ jù, òun ni kó o yẹ̀ wò jù.

Ṣé inú ò bí mi? Ó bí mi gan-an! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ayọ̀ òfo lọ bá arúgbó? Mo padà sí Ọjà'ba, mo ní kí bàbá kàn sọ bí wọ́n ṣe dé Ìbàdàn, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ò dé Ìbàdàn rárá, ojú ọ̀nà ló ti kú. Kì í ṣe pé bàbá fẹ́ tàn mí o. Ó kàn wù ú kí ẹnì kan máa wá òun ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwa méjèèjì ń sunkún.

Ó wá ku agbo ilé kan ní Bẹyẹrunka tí mo gbọ́ pé ẹni tí ogun kó wá ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn ìyàwó ilé níbẹ̀ ti ní àwọn ò mọ Àjàní kankan. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ìyàwó ilé wo ló ń pe ẹni tó bá nílé lórúkọ? Orúkọ tí àwọn ìyàwó bá fún un ni wọ́n ń pè é, ẹlòmíì ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an rí. Ó ní kí n lọ, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo bá ìyá kan níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo kí i, mo ní ta ni ogun kó wá sílé yìí tó ṣì wà láyé.

"Ẹ̀gbọ́n-ń-bọ̀ nìkan ló kù."

Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é bẹ́ẹ̀, mà?

"Àwọn ìyáálé wa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n mú un dé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Tí wọ́n bá ní kó wá jẹun, á ní ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀."

Ara mi bù máṣọ! Ṣùgbọ́n mi ò pariwo. Mo lọ bi ìyàwó mìíràn lẹ́yìnkùlé, ohun kan náà ló sọ. Mo wá lọ bá bàbá fúnra rẹ̀, mo gbọ́ títí ó fi fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ Àbẹ̀kẹ́.

Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, iwájú mi ló ń lọ lọ́jọ́ kejì! Ẹnu ọ̀nà náà la ti bá bàbá. Ìyá àgbà dúró, ó ń wò ó.

"Àjàní, mo mà pẹ́ o."

Bàbá gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká wọlé lọ jẹun."

Ìyá àgbà ló ní kí n lọ mú bàbá Ọjà'ba náà wá, pé òun ò kọ̀ kí àbúrò òun di méjì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: ká ní mo mú bàbá Ọjà'ba lọ bá ìyá àgbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì bá gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, Àjàní ì bá sì wà lẹ́nu ọ̀nà títí dòní. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti bi léèrè ọ̀rọ̀ rí, tẹ́ ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Màá pa ẹnu mi mọ́, màá gbọ́.